Mọ́ṣúdù Mẹ́ta àti Aṣọ Mẹ́jọ Tí Òjò Bà Jẹ́

Lánàá, bí wọ́n ṣe kírun Aláásárì tán, ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Olúbọ̀dé ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta, irú ẹjọ́ tó jẹ́ pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ á rò pé a purọ́ mọ́ wọn.

Ààfin la máa ń pè é. Pálọ̀ ni, pálọ̀ tó ní àga mẹ́fà, méjì nínú wọn sì wà tó ń fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó lé wọn ṣọ́ra. Baálẹ̀ jókòó sórí èyí tó le jù. Igbákejì wọn, Àlàájì Sàlàhúdíìnì, fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì dijú. Àlàájì ní ìgbà tí àwọn bá dijú ni àwọn ń gbọ́ ẹjọ́ jù. A gbà. Ìgbà mìíràn, a tilẹ̀ máa ń gbọ́ ìgbọ́ràn náà tó ń hanrun.

Mọ́ṣúdù Àjàlá ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Akọ̀wé ni, òun ló ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kan, níbi tí fáìlì ti máa ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ. Ó wọ agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi, ó sì gbá férémù onígíláàsì kan mọ́ àyà bí abiyamọ ṣe ń gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Sátífíkéètì ló wà nínú férémù náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò tíì rí ibi tí wọ́n ti dá ẹni tó gbé férémù dání lẹ́bi rí.

Ìyàwó rẹ̀, Sàfúrátù, ló pè é. Aláró ni. Aró ti wọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dìde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwo ojú ọkọ rẹ̀.

Baálẹ̀ gbá ẹsẹ̀ méjèèjì jọ.

"Sàfúrátù, kí ni Mọ́ṣúdù ṣe fún ọ?"

"Bàbá, wọn ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé tó o fi wá pè é lẹ́jọ́?"

"Ohun tí mo ṣe pè wọ́n náà nìyẹn, Bàbá. Wọn ò ṣe nǹkan kan."

Baálẹ̀ wo Àlàájì. Àlàájì ń gbọ́ ẹjọ́ lọ ní tiwọn.

"Tú u palẹ̀ kó yé wa."

"Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ya láfún sára aṣọ mẹ́jọ, Bàbá. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń yà á, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, títí ẹ̀yìn mi kò fi ṣeé nà mọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Láfún yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa nínú oòrùn kí n tó ri aṣọ bọ inú aró. Ibi tí láfún bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń di iṣẹ́ ọnà. Bí omi bá kán sí i kó tó wọ aró, ó ti parí nìyẹn."

"Aṣọ ta ni?"



"Tèmi ni. Àwọn tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní kí n kó mẹ́jọ wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Wọ́n ní àwọn á kọ orúkọ mi sára páálí, àwọn á sì kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń rẹ aṣọ láró. Ẹni tó bá rà á ni wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Wọ́n á ní, 'Ẹ wo aṣọ ìyá lágbájá.' Èyí nìkan ni wọn ì bá pè ní aṣọ Sàfúrátù."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ní Sátidé, mo sá wọn sórí okùn lágbàálá. Mo fẹ́ dé Láfẹ́nwá lọ ra ẹ̀lú. Mo sọ fún Bàbá Títílọlá pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ bá mi kó aṣọ yìí wọlé.' Wọ́n ní, 'Ó ti dáa.' Ìgbà tí mo máa padà dé, láfún ti ṣàn sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n dànù. Aṣọ mẹ́jọ ti funfun báláú bí ìgbà tí mo rà á lọ́jà. Mo ní, 'Bàbá Títílọlá, kí lèyí?' Wọ́n ní, 'Òjò rọ̀.'"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mo ti mọ̀ pé òjò rọ̀. Orí mi ló rọ̀ lé láti Láfẹ́nwá."

"Má bínú. Máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

"Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà nílé wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilé ti sọnù nígbà márùn-ún. Wọn ò sọ ọ́ nù rí o. Òun ló ń sọnù. Àwo a máa fọ́, wọn kì í fọ́ ọ. Omi a máa tán nínú àmù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn á lọ mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́, Títílọlá jókòó sẹ́nu géètì títí aago mẹ́rin fi lù, òun àti máígádì. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, 'Ọmọ yẹn pẹ́ o.' Bàbá, mi ò wá kọ ọkọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi wá ẹni tó ń ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí nínú ilé wa, kí n lè mọ ẹni tí n ó bá jà."

Mọ́ṣúdù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí tàánú-tàánú, bí ẹni tó ń gbọ́ nípa ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ nílùú òkèèrè. Àánú ìyàwó rẹ̀ ń ṣe é ní tòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan òun.

"Mọ́ṣúdù, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Àsàlámù aléékúmù, ẹ̀yin àgbà. Ó dùn mí gan-an. Irú nǹkan báyìí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn."

"Ta ló ṣe é?"

"Ó ṣẹlẹ̀ ni, Bàbá."

"Fúnra rẹ̀?"

"Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ló wá gbé férémù sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kí gbogbo pálọ̀ lè rí ríbọ́ọ̀nù pupa tó wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣíwájú ọ̀rọ̀. Òkè-Ìlèwó ni mo ti gbà á, ní gbọ̀ngàn kan tó wà lókè ilé ìtajà. Sátidé mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Àkọlé rẹ̀ ni 'Bí A Ṣe Ń Di Ẹni Tó Ṣeé Gbára Lé Nílé àti Lẹ́nu Iṣẹ́.' Lọ́rọ̀ kan, Bàbá, ẹni tó ṣeé gbára lé lẹ ń wò yìí."

"Mo rí i. Ó wà lára gíláàsì. Aṣọ ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀, Bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, mi ò ṣeré. Mò ń fa táìmùtébù." Ó yọ ìwé ẹlẹ́yìn pupa kan lápò agbádá. "Olùkọ́ wa ní ẹni tí kò bá ní táìmùtébù, kò ṣeé gbára lé. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe tò ó. Aago márùn-ún ààbọ̀, jíjí. Aago mẹ́fà, ìrun. Aago méje, ìdúpẹ́. Aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, ríronú lórí bí n ó ṣe máa ran aya mi lọ́wọ́. Bàbá, aago mọ́kànlá ni òjò yẹn bẹ̀rẹ̀! Mo wà lẹ́nu bí n ó ṣe ràn án lọ́wọ́ gan-an ni òjò wá dá mi dúró."

"O ò lè fi rúlà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Kíkó aṣọ kò sí nínú táìmùtébù, Bàbá. Bí èèyàn bá ti ọjọ́ kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí iṣẹ́ kan sórí òmíràn, ibo ni ìwà rere fẹ́ dúró sí? Ẹ tún wo òkè ìwé níbí: 'Yóò bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.' Sátidé ni òjò rọ̀. Ká ní òjò ní sùúrù ọjọ́ méjì péré, ẹ̀ bá rí ohun tí ojú aráyé ì bá rí. Àti pé wọ́n kọ́ wa pé ká má ṣe máa gbé ohun tí kì í ṣe tiwa rù. Òjò kì í ṣe tèmi."

"Aṣọ ńkọ́?"

"Ti ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó ńkọ́?"

Mọ́ṣúdù wo inú ìwé. Ó wo ìyàwó.

"Tèmi ni, Bàbá."

"A dúpẹ́ o," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹlẹ́rìí dà?"

Bùsírátù, ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣúdù obìnrin, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ń ta abọ́ ní Láfẹ́nwá, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pe oníbàárà láti òdìkejì títì.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ara àbúrò mi ò yá lọ́jọ́ náà. Orí ẹní ló wà. Ara rẹ̀ gbóná débi pé èèyàn lè yan àgbàdo lórí rẹ̀. Kò lè gbé ọwọ́, ká má tíì wá sọ aṣọ!"

Mọ́ṣúdù ṣẹ́jú sí i. Bùsírátù rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

"O rí i tó dùbúlẹ̀?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Kedere, Bàbá."

"Ìwọ alára, níbo lo wà ní aago mọ́kànlá?"

"Ní Láfẹ́nwá, nídìí abọ́ mi."

"Láfẹ́nwá lo ti rí ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú ilé lọ́dọ̀ tiwa níbí?"

"Bàbá, ọmọ ìyá mi ni. Mo máa ń rí i látọ̀nà jíjìn."

Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga méjì yẹn, àga náà sì sọ èrò tirẹ̀. Dìran, onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí àgbàlá wọn, ló kàn.

"Bàbá, irọ́ ni ọ̀rọ̀ orí ẹní yẹn. Orí bẹ́ǹṣì ni Bùrọ̀dá Mọ́ṣúdù wà, níta gbangba, wọ́n ń fa ìlà. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ara wọn yá ju tèmi lọ. Ojú ọjọ́ ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pariwo, mo ní, 'Bùrọ̀dá Mọ́ṣúdù, òjò o! Aṣọ o!' Wọ́n na ìka kan sókè sí mi."

"Kí ni ìtumọ̀ ìka yẹn?"

"Mo rò pé wọ́n ní kí n dúró díẹ̀. Mo dúró. Òjò ni kò dúró."

"Ìwọ tí o rí òjò, tí o rí aṣọ, kí ló dé tí o kò sá lọ kó o?"

Dìran wo ilẹ̀.

"Mo ti fá orí oníbàárà kan dé ìdajì ni, Bàbá."

"Àwọn ìdajì pọ̀ lágbègbè yìí o," ni Baálẹ̀ wí. "Mọ́ṣúdù, ṣé o ní ẹlẹ́rìí mìíràn?"

"Mo ní, Bàbá. Ẹlẹ́rìí mi gangan ṣì ń bọ̀. Olùkọ́ wa ni, Ọ̀gbẹ́ni Herbert Ọláògún, ẹni tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣeé gbára lé. Aago mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn á dé."

Aago tó wà lára ògiri ti kọjá márùn-ún. Gbogbo wa wo aago náà. Mọ́ṣúdù náà wò ó, ó sì kọ́kọ́ rò pé aago náà ló ń sáré.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó lu aago márùn-ún ààbọ̀ ni Herbert wọlé. Kóòtù dúdú ló wọ̀, ó wọ wésíkóòtù sábẹ́ rẹ̀, ó so táì mọ́ ọrùn, nínú ooru Abẹ́òkúta. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí báàgì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin olóyè. Mọ́tò ló pẹ́."

Sàfúrátù bo ẹnu. Baálẹ̀ rọra mí.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ̀yin lẹ fún ọkùnrin yìí ní sátífíkéètì?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó dára jù lọ ni."

"Sátidé mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yín. Bí mo ṣe kà á lára férémù yẹn, Sátidé kẹrin ni òjò yìí rọ̀. Ìgbà wo lẹ wá fún un ní sátífíkéètì?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ la máa ń pín in, Bàbá. Ó máa ń fún wọn ní ìwúrí láti wá ní ọjọ́ kejì."

"Mọ́ṣúdù wá ní ọjọ́ kejì?"

"Gbogbo ọjọ́ ló wá! Ní Sátidé tó kọjá yìí pàápàá, láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, ó jókòó níwájú mi. Ẹ̀rí rèé." Herbert fa rẹ́jísítà yọ nínú báàgì, ó ṣí i. Orúkọ Mọ́ṣúdù Àjàlá wà níbẹ̀, ó buwọ́ lù ú gàdàgbà.

Mọ́ṣúdù rí i pé ẹlẹ́rìí òun ti ràn án lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, férémù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, báwo ni orúkọ rẹ ṣe dé ibẹ̀?"

"Ó... ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá. Mo máa ń buwọ́ lu ti Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà di pé mo gbàgbé."

Herbert ń nu àgbọ̀n rẹ̀. Baálẹ̀ na ìka mẹ́ta sókè.

"Ẹ bá mi kà á. Mọ́ṣúdù kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ibà ń yan án. Mọ́ṣúdù kejì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa ìlà. Mọ́ṣúdù kẹta wà ní Òkè-Ìlèwó, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwà rere. Odidi Mọ́ṣúdù mẹ́ta! Aṣọ mẹ́jọ péré! Ká ní wọ́n pín in láàárín ara wọn, kò ní pé mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí èyí tó kó ọ̀kan." Wọ́n yíjú sí igbákejì wọn. "Àlàájì, kí lẹ rí sí i?"

Àlàájì Sàlàhúdíìnì lajú.

"Èmi ní kí wọ́n dá ewúrẹ́ náà padà fún ẹni tó ni ín."

"Àlàájì, oṣù tó kọjá lẹjọ́ ewúrẹ́ parí."

"Ṣé wọ́n ti dá a padà?"

"Wọ́n ti dá a padà."

"Kò burú," ni Àlàájì wí, wọ́n sì padà sínú ìgbọ́ràn.

Baálẹ̀ nawọ́ sí Mọ́ṣúdù. "Gbé ìwé táìmùtébù yẹn wá."

Mọ́ṣúdù gbé e wá tayọ̀tayọ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ ka ibi tó kọ nípa ìdúpẹ́. Baálẹ̀ kò ka ohunkóhun. Wọ́n fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ìwé, wọ́n ṣí i, wọ́n gbọn ojú ìwé sétí, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀.

"Dìran, ṣé ìwé yìí ló wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì?"

"Òun ni, Bàbá."

"Òjò tó sọ láfún di omi, tó lu Sàfúrátù láti Láfẹ́nwá dé ibí. Ẹ wo ìwé yìí. Ó gbẹ. Kò sí ìkán kan lórí rẹ̀. Íńkì tó fi kọ ọ́ kò ṣàn rárá. Mọ́ṣúdù, rédíò ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá," ni Mọ́ṣúdù wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ǹṣì ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé."

"Rúlà?"

Mọ́ṣúdù fi ọwọ́ bo àpò agbádá rẹ̀. Láti Sátidé, nǹkan kan wà tó ń rìn nínú rẹ̀ bí eku nínú ihò, òun a sì yíjú kúrò níbẹ̀ bí nǹkan náà bá ti ń bọ̀. Ó ti fi sátífíkéètì dí ojú ihò náà. Ó ti fi ìwé dí i. Ní báyìí, Baálẹ̀ ti yọ ìwé kúrò.

Baálẹ̀ dìde dúró. Bí wọ́n bá ti dìde dúró, ìdájọ́ ni.

"Mọ́ṣúdù, ìwọ kì í ṣe èèyàn burúkú. Èèyàn burúkú a máa ṣe nǹkan. Mo ti ń tẹ́tí sí ọ láti ìgbà tó o ti wọlé, mo ń wá ọ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ, mi ò rí ọ. Òjò rọ̀. Ọmọ pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ sọnù. Orúkọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ilé rẹ, àwọn nǹkan ló ń ṣe ara wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Láti òní títí di ogójì ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se oúnjẹ fún Mọ́ṣúdù. Kí iṣu rẹ̀ bẹ ara rẹ̀. Kí agbádá rẹ̀ fọ ara rẹ̀, kó lọ ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ wẹ̀, kí omi fẹsẹ̀ rìn wá láti ibi ẹ̀rọ."

Bùsírátù fò dìde. "Bàbá! Ebi á pa àbúrò mi!"

"Ó lè ṣẹlẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Kì í ṣe àwa la máa pa á. Ebi ni.

"Èkejì. Ní gbogbo ogójì ọjọ́ náà, ní aago méje àárọ̀, Mọ́ṣúdù yóò dúró síbi ẹ̀rọ omi, níwájú gbogbo ẹni tó bá wá pọnmi, yóò sì sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú. 'Mo' ni yóò máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbọ́ 'ó ṣẹlẹ̀' lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, kí ó da garawa omi kan lé e lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ní òjò ló rọ̀."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ títí dé ojúde. Sàfúrátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀kẹta. Sàfúrátù yóò tún aṣọ mẹ́jọ yà. Mọ́ṣúdù ni yóò máa ro láfún fún un. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ sá aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má ri igi mọ́lẹ̀. Mọ́ṣúdù ni igi. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọn ó so okùn mọ́, yóò sì dúró sínú oòrùn títí láfún yóò fi gbẹ. Okùn ìsáṣọ sì rèé, igi méjì ló máa ń lò." Wọ́n yíjú sí ẹni tó wọ kóòtù. "Tíṣà, ẹ kú oríire."

Herbert fẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Èmi? Bàbá, wọ́n kàn ní kí n wá jẹ́rìí ni!"

"Ẹ ti jẹ́rìí. Ẹ fọwọ́ sí i pé ó ṣeé gbára lé. Ẹ wá bá a gbé e."

"Nínú kóòtù yìí?"

"Ẹ lè bọ́ táì." Baálẹ̀ padà kọjú sí Mọ́ṣúdù. "Ó ku ìwọ. A ò ní dúró de Mọ́ńdè. Bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Kí lo ṣe ní Sátidé?"

Mọ́ṣúdù la ẹnu.

"Ó..."

Dìran nawọ́ sí ife omi tó wà níwájú Àlàájì. Mọ́ṣúdù gbé itọ́ mì. Ó wo férémù ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó dojú gíláàsì rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ìgbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní láti dákẹ́ ẹ̀rín kí wọ́n tó lè gbọ́.

"Mo rí òjò náà."

Sàfúrátù gbé orí sókè.

"Mo rí i nígbà tó ṣì wà lókè lọ́hùn-ún. Mo ní á kọjá lọ. Nígbà tí Dìran pariwo, mo kó ìwé mi, mo gbé rédíò, mo fa bẹ́ǹṣì wọlé. Mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo aṣọ náà. Ìkán àkọ́kọ́ ti bọ́. Mo ṣì lè kó mẹ́ta, mo lè kó mẹ́rin. Mo ní bí mo bá kó mẹ́rin, wọ́n á bi mí pé mẹ́rin tó kù ńkọ́. Bí mi ò bá kó ìkankan..." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Bí mi ò bá kó ìkankan, òjò ló rọ̀ nìyẹn. Mo bá pa ilẹ̀kùn dé."

Àlàájì Sàlàhúdíìnì alára ti lajú láti ìgbà wo, wọn ò sì béèrè ewúrẹ́.

Baálẹ̀ jókòó padà. Ohùn ẹ̀fẹ̀ ti kúrò lẹ́nu wọn.

"Sàfúrátù, ṣé ó tó?"

Sàfúrátù wo ọwọ́ aláró rẹ̀ méjèèjì.

"Kò tó, Bàbá. Àfihàn ti lọ, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ògiri ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí gan-an dùn mí ju òjò lọ." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n mo ti ń fẹ́ ẹ fún ọdún mọ́kànlá, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó ní "ohùn rẹ̀." Kò ní "ohùn wọn." Gbogbo wa gbọ́ ọ, Mọ́ṣúdù náà gbọ́ ọ, kò sì bá a wí. Wọ́n jáde lọ, ìyàwó níwájú, ọkọ lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rántí gbé sátífíkéètì.

Láàárọ̀ òní, kí aago méje tó lù, Mọ́ṣúdù ti dé ibi ẹ̀rọ omi. Èrò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tí kànga wà nínú àgbàlá wọn pàápàá ṣàdédé nílò omi ìjọba. Garawa kún fọ́fọ́, wọ́n ti gbé e lé ejìká de ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Mo se iṣu ní ìrọ̀lẹ́ àná," ni Mọ́ṣúdù wí. "Mo lọ jókòó ti rédíò, mo jó iṣu. Iná kọ́. Èmi ni."

Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí kó fi kún un.

"Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Kò dùn."

Ó gbé garawa tirẹ̀, ó pọnmi, ó lọ. Ó dun àwọn kan pé kò sọ 'ó ṣẹlẹ̀,' débi pé wọ́n da omi wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ pọn òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ burú sí ni pé ìròyìn ti kári àdúgbò. Láti ìgbà tí sọ́jà ti gbàjọba lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti ń fi kóbókò kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, etí wa kò gbà á. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí, ìlà gidi wà níwájú ààfin. Obìnrin mẹ́tàdínlógún ni, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ láìsí sọ́jà kan níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹjọ́ ọkọ tirẹ̀ lẹ́nu.

Baálẹ̀ Olúbọ̀dé ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ kí àwọn obìnrin náà ní ẹ kú àárọ̀. Ìkíni ò tíì tán lẹ́nu wọn. Ẹni tó wà níwájú ìlà kò rìn jìnnà wá. Inú yàrá ló gbà jáde. Ìyàwó Baálẹ̀ ni.